Hẹn Tí Àìná Sọ fún Àpótí

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹ̀rù fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ sún mọ́ ibí. Ọ̀rọ̀ Àìná la fẹ́ sọ, ọmọ Bùràímọ̀ tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Ọ̀jọ́, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ dé Ìbàdàn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé Ìbà.

Ayé Òyìnbó ni ìgbà náà. Ọ̀nà yanrìn ló wà láàárín Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáìkò, ẹni tó bá sì ń lọ Èkó, etí ọ̀sà ni yóò ti wọkọ̀. Ìyá Àìná ti kú. Ìyá Àwẹ̀ró, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló kọ́ ọ ní ẹní híhun. Ọmọ ogún ọdún ni Àìná, ó dúdú, ó ga, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn obìnrin etí omi máa ń sọ pé bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn Àìná, àfi kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀, obìnrin mẹ́fà jókòó lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń fi oré, koríko gígùn tí wọ́n ń gé létí omi, hun ẹní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó de àpótí kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni pọn ọmọ. Àlàbí ni, ọmọ Adéníjì onígbàgbọ́ tó ń gbé Ìbà. Yunifásítì tó wà n'Ìbàdàn ló ti ń kàwé, ó wá lo ìsinmi nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá." Ó dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn. "Mo wá gba ohùn yín ni, bí ẹ bá yọ̀ǹda."

"Gba kí ni?" Ìyá Àwẹ̀ró gbójú sókè.

"Ohùn, mà. Kí ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń hun ẹní sínú àpótí yìí."

"Ohùn tèmi? Èmi fúnra mi ò tíì lò ó tán."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí àpótí náà, tí wọ́n rí nǹkan róbótó méjì tó ń yí, tí okùn pẹlẹbẹ kan ń wọ́ láti ara ọ̀kan lọ sára èkejì bí ejò, ẹ̀rín dá. Ọ̀kan rántí pé òun gbé ẹja sórí iná. Òmíràn ní ọmọ òun ń ké nílé, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti tó láya. Ìyá Àwẹ̀ró alára ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kó tó ṣẹ́jú méjì, Àìná nìkan ló kù. Kì í ṣe pé ó láyà. Etí ẹní ló ń dì lọ́wọ́, ẹni tó bá sì fi etí ẹní sílẹ̀ lágbedeméjì, títú ni yóò tú gbogbo rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" Àlàbí bi í.

"Ṣé ó máa ń dunni?"

"Kí ló máa ń dunni?"

"Bó bá ń fa ohùn jáde lọ́fun èèyàn."

Àlàbí kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni Àìná kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ nígbà náà pé ìfẹ́ ni.

"Kì í dunni. Ohùn rẹ á ṣì wà lọ́fun rẹ. Ṣe ló dà bí ìgbà tí o bá bẹ omi wò: òjìji rẹ á wà nínú omi, ìwọ náà á wà lórí ilẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbé òjìji mi lọ sí Ìbàdàn."

Ọmọ Yunifásítì fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi àgbọn. Ó fi ìdí lélẹ̀ sínú yanrìn, ó wá ṣàlàyé. Ó ní tẹ́lẹ̀, nínú kíláàsì àwọn, ṣe ni àwọn máa ń jókòó ní ìlà-ìlà bí ẹja tí wọ́n tò sórí ààrò. Olùkọ́ á máa kàwé lọ, àwọn á máa tòògbé lọ. Olùkọ́ tuntun kan wá dé. Ó ní kí wọ́n gbé àga yí po, kí wọ́n gbé àpótí sí àárín, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì lọ sílé lọ mú ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́ kan dójú àmì wá.

"Ó ní ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ nǹkan, ká yé máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó kàn kà nípa rẹ̀."

"Èmi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì? Èmi tí mo ka ìwé kìíní, tí mo sì padé ẹ̀ síbẹ̀?"

"Ìwọ ni."

Bí Àìná ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń gé oré, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń bu omi wọ́n ọn kó lè rọ̀. Nígbà tó wá ń sọ bí wọ́n ṣe ń hun ún, ó gbàgbé àpótí, ó ń sọ ọ́ bíi pé àwọn ọmọ kékeré ló jókòó tì í: "Ẹ má fà á le jù. Bó bá le jù, á já. Bó bá sì dẹ̀, ẹní á wọ́."

Àlàbí tẹ nǹkan kan, ó dá okùn náà padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ni ohùn kan bá ń jáde nínú àpótí, *ẹ má fà á le jù*. Oré bọ́ lọ́wọ́ Àìná. Ó fọwọ́ di ọ̀fun ara rẹ̀ mú.

"Ta nìyẹn?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn òun ti dín.

Ohùn kò dín. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Àlàbí fi ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìbà. Ní ọjọ́ kẹfà, Sìkírátù ọ̀rẹ́ Àìná, tó ń ta búrẹ́dì ní Òkòkòmáìkò, gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn. Ó ti di alárinà.

"Ó ní òun fẹ́ ọ."

"Ẹní ló fẹ́."

"Ẹní wo? Àbí ọmọ yìí ya òpè! Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ẹní tán láti ọjọ́ kejì, àfi etí rẹ̀ nìkan. Ọjọ́ mẹ́ta yòókù, kí ló wá ń gbọ́?"

Àìná fọwọ́ bojú. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù Àlàbí. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ni.

Ṣé ẹ rí i, Wàhábì wà nílẹ̀. Ọkùnrin bí ogójì ọdún ni, ó ń fi ọkọ̀ ńlá kó àgbọn lọ Èkó, mùsùlùmí òdodo bíi Bùràímọ̀, Bùràímọ̀ ló sì gbẹ́ gbogbo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ pé òun fẹ́ Àìná. Bùràímọ̀ kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ tẹnu ọmọ mi ná."

Nílé wọn, ọ̀rọ̀ ìjọ́hẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bí ọmọbìnrin yóò bá sọ "hẹn" fún ọkọ, etí bàbá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Hẹn tí ará ìta bá gbọ́ ṣáájú bàbá, wọ́n ní olè ti jí i. Abọ́sẹ̀dé, àbúrò Bùràímọ̀ obìnrin, ló ṣe irú ẹ̀ rí. Ó sọ hẹn fún ọkùnrin kan létí omi, ọlọ́kọ̀ kan tó ń kọjá gbọ́. Bàbá wọn di ẹrù rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn mọ́. Láti kékeré ni Àìná ti mọ̀ pé èèyàn lè ti ẹnu ara rẹ̀ di ẹni tí wọn kì í dárúkọ.

"Kí n wí fún un ni?" Sìkírátù ń bi í. "Ó kù bí ọjọ́ mẹ́ta kó padà o. Ọkùnrin tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, wọn kì í fi ebi lé e lọ."

"Sọ fún un pé mo ṣì ń rò ó."

"O ṣì ń rò ó! Oúnjẹ tó ti jinná, o ṣì ń rò ó."

Ní ọ̀la ọjọ́ yẹn, bàbá Àlàbí ránṣẹ́ pè é sí Ìbà ní kíákíá. Ẹ̀kọ́ ẹní ṣì ku ìparí, bí wọ́n ṣe ń di etí rẹ̀. Ó gbé àpótí sílẹ̀ fún Àìná, ó fi bọ́tìnnì méjì hàn án. "Tẹ èyí, kí o sọ̀rọ̀. Tẹ èyí, yóò dúró. Mo máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílé kí n tó gbé e lọ."

Gbólóhùn yẹn ló ṣe é. *Mo máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílé.* Àìná jókòó nìkan nínú abà tí wọ́n ń kó oré sí. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń di etí ẹní, ó parí rẹ̀. Okùn náà ṣì ń yí. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó rò ó pé: àpótí kì í ṣe èèyàn. Ohun tí mo bá sọ fún un, Bùrọ̀dá Àlàbí nìkan ló máa gbọ́, á pa á rẹ́, á sì fọkàn balẹ̀ lọ Ìbàdàn. Ó tẹ ẹnu mọ́ àpótí náà.

"Bùrọ̀dá Àlàbí, hẹn ni. Hẹn lèsì mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ kí bàbá mi tó gbọ́."

Ó tẹ bọ́tìnnì kejì. Okùn dúró.

Ṣùgbọ́n bátìrì ló ń mú àpótí yẹn ṣiṣẹ́, bátìrì náà sì ti ń kú lọ. Nígbà tí Àlàbí wá gbé e lọ sílé, kò dún mọ́. Ó wá irú bátìrì bẹ́ẹ̀ títí dé Òkòkòmáìkò, kò rí. Ó gbé okùn lọ sí Ìbàdàn láìgbọ́ ìparí rẹ̀.

Oṣù kẹwàá, lẹ́tà kan dé. Sìkírátù, tó ka ìwé dé kíláàsì kẹta, ló kà á fún un lẹ́yìn ààrò ẹja.

"'Àìná mi, jọ̀wọ́, fọwọ́ wọ́nú.' Ó ní kí o fọwọ́ wọ́nú."

"Mo gbọ́. Máa kà á."

"'Lónìí ni wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ nínú kíláàsì. Ogójì èèyàn jókòó yí ká. Àìná, kò sẹ́ni tó tòògbé. Wọ́n ń fi okùn gbìyànjú ohun tí o ń wí, ọmọ ìjòyè kan já tiẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó parí, mo ní kí n pa á, ohùn rẹ tún jáde. O dárúkọ mi. O sọ ohun tí o sọ.'" Sìkírátù gbójú sókè. "Àìná, kí lo sọ?"

"Máa kà á, mo ní."

"'Gbogbo wọn gbọ́. Sàlámì wà níbẹ̀, àbúrò Wàhábì. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.'"

Àìná ṣírò rẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo ni ọlọ́kọ̀ tó gbọ́ ti Abọ́sẹ̀dé. Ogójì ló gbọ́ tòun.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ló ń bá a jí, ẹ̀rù ló ń bá a sùn. Bí ọkọ̀ bá fun fèrè létí omi, á sá jáde wò ó bóyá ọmọ Ìbàdàn kan wà nínú ẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni iyèméjì tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣé lóòótọ́ ni Àlàbí kò mọ̀? Àbí ó ti gbọ́ ọ, ó wá gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, bí ọkùnrin ṣe ń fi ẹja ńlá tó pa han ará ọjà?

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú àtisọ fún bàbá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bàbá ń fi àáké gbẹ́ inú ọkọ̀, ó bu omi lọ fún un.

"Bàbá."

"Hẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an! Ó gba etí Àìná bí ìgbájú. Ó na omi sí i.

"Omi yín rèé, sà."

Bùràímọ̀ gba omi, ó mu ún, ó wò ó títí. "Ṣé ara rẹ dá?"

"Ó dá, sà."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣe Kérésì ni Sàlámì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àìná ń fọ oré létí omi, kò ríbi sá sí.

"Ẹ má fà á le jù o!" Sàlámì kígbe láti orí afárá pákó. "Ẹ má fà á le jù! Tíṣà wa, ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ gbajúmọ̀ ju ọ̀gá ilé ìwé wa lọ?"

"Bùrọ̀dá Sàlámì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò ya ìkà.

"Àìná, ká ní ará ibòmíràn ni mí, mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń kó àwọn àgbà bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé kí n jókòó kí n máa wò ó, kó lọ tẹ́?"

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì. Kí n fẹnu ara mi sọ fún Bàbá."

"Ọjọ́ méjì," ni Sàlámì wí.

Ọjọ́ méjì kọjá. Kò lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń bọ̀ láti odò, ó bá bàbá rẹ̀ tó jókòó lórí ọkọ̀ tí kò tíì parí, àáké wà nílẹ̀. Wàhábì ti wá, ó ti lọ.

"Wọ́n ní ohùn rẹ wà n'Ìbàdàn, ó ń fẹ́ ọkọ."

Àìná kúnlẹ̀. Kò lè sunkún pàápàá.

"Mi ò ní gbà á gbọ́ lẹ́nu èèyàn," Bùràímọ̀ wí. "Mo ti ránṣẹ́ sí Ìbà. Kí ọmọkùnrin náà gbé àpótí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹni tó pa á yóò jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ òótọ́, Àìná, o mọ ohun tí bàbá mi ṣe fún àbúrò mi."

Ọjọ́ Àìkú pé, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Wàhábì àti Sàlámì wà lápá ọ̀tún. Àlàbí àti Adéníjì bàbá rẹ̀ wà lápá òsì. Adéníjì gbé fìlà lé orúnkún, ó ti fàjúro láti ilé, nítorí ọmọ onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lòun náà ń wá fún ọmọ rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sórí ẹní pẹ̀lú Àìná. Olùkọ́ Àlàbí ti yọ̀ǹda àpótí náà fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wà láàárín ilé. Àlàbí ti rù. Àìná wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sílẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Bùràímọ̀ wí.

Ohùn Àìná kún inú ilé. Gé oré báyìí. Sá a fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Irọ́ ni, ọjọ́ mẹ́rin ni!" Ìyá Àwẹ̀ró ti gbàgbé ara rẹ̀. "Ṣé ohun tí mo kọ́ ọ nìyẹn?"

"Àwẹ̀ró!"

"Ẹ máà bínú."

Ẹ̀kọ́ ń lọ. Gbogbo ìlà tó ń kọjá, Àìná mọ èyí tó kàn, ara rẹ̀ ń tutù bí ẹni tó rí ìgbì tó ń bọ̀ tí kò sì lè wẹ̀. Etí ẹní parí. Okùn yí díẹ̀. Lẹ́yìn náà: *Bùrọ̀dá Àlàbí, hẹn ni. Hẹn lèsì mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ kí bàbá mi tó gbọ́.*

Wàhábì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"Bùràímọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Bí hẹn yìí bá jẹ́ hẹn, a jẹ́ pé ọmọ rẹ ti lọ́kọ, o sì jẹ́ kí n máa bọ̀ lásán. Bí kò bá sì jẹ́ hẹn, nítorí pé inú àpótí ló ti jáde, fún mi ní ọmọ rẹ. Ọ̀kan ni kí o mú."

Bùràímọ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, sà." Àìná gbé ojú sókè, ojú náà sì bọ́ sí ti Àlàbí. Ẹ̀rù tó ti ń gbé láti oṣù kẹwàá ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bùrọ̀dá Àlàbí, ṣé ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́?"

"Mi ò mọ̀." Àlàbí fọwọ́ lé àyà. "Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá gé ibẹ̀ kúrò lára okùn, ǹ bá fi sápò, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ ọ títí mo fi máa kú."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ nìyẹn," ni Bùràímọ̀ wí. "Ibi tí hẹn ọmọ mi ń gbé, kì í ṣe àpò rẹ." Ó tọ́ka sí àpótí. "Ṣé ó ṣeé pa rẹ́?"

"Ó ṣeé ṣe, sà. A ó gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí gbogbo wa sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ló máa gbà, yóò sì jẹ hẹn náà tán."

"Pa á rẹ́."

Adéníjì di ọmọ rẹ̀ lápá mú. "Àlàbí, ronú o. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí o ní nìyẹn. Bí ó bá lọ, tí ẹ̀rù bàbá rẹ̀ bá ba ọmọbìnrin yìí, kí lo fẹ́ fi hàn?"

Àlàbí wo àpótí náà. Ó wo Àìná. Àìná rí i pé ẹ̀rù ń ba ọmọkùnrin náà, ẹ̀rù tó tó tòun. Àlàbí nawọ́, ó dá okùn padà síbi tí hẹn wà, ó tẹ bọ́tìnnì.

Gbogbo ilé dákẹ́. Okùn ń yí. Adìyẹ kan ń ké lẹ́yìnkùlé. Sàlámì fẹ́ wúkọ́, ó fi fìlà bo ẹnu. Àìná ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń kú nínú àpótí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kò sì sí ohun tó ń dún. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu báyìí, àpótí yóò tún gbà á. Ó di ètè.

Àlàbí tẹ bọ́tìnnì kejì. "Ó ti tán, sà."

"Ṣé kò gbọ́ wa mọ́?"

"Kò gbọ́ wa mọ́."

Bùràímọ̀ yíjú sí Wàhábì. "Mo ti mú ọ̀kan. Ohun tí o gbọ́ kò sí mọ́. Kò sí ẹni tí ọmọ mi ti dá lóhùn, kò sí ẹni tí mo ti fi fún. Nísinsìnyí ni wọn yóò tó bi í léèrè." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àìná, nígbà tí wọ́n lé Abọ́sẹ̀dé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè kankan. Mo ti di ọkùnrin tó tó ọmọ bí nígbà náà, mi ò sì gbèjà rẹ̀. Mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí o bá wí níbí ni màá gbà. Àwẹ̀ró, bi í."

Nílé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ọmọ kì í fọhùn, kí wọ́n má baà ní ìkánjú ọkọ ló ń ṣe é.

"Àìná, Àlàbí ọmọ Adéníjì ní òun fẹ́ ọ. Kí lo wí?"

Ó dákẹ́.

"Àìná, Àlàbí ní òun fẹ́ ọ. Kí lo wí?"

Ó dákẹ́. Wàhábì jókòó ṣánṣán. Àlàbí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ àṣà ilé náà fún, ti di èkùrọ́ tí wọ́n fún epo rẹ̀ tán.

"Àìná, mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àlàbí ní òun fẹ́ ọ. Kí lo wí?"

Ó lanu. Kò sí nǹkan tó jáde. Kò tíì wà lómìnira báyìí rí, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á. Kò sí okùn tó so ó mọ́. Bó bá ní rárá, rárá ni. Bó bá dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ilé Wàhábì ni. Àlàbí tẹ orí ba, kò bẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ́jú sí i. Ọkùnrin tó fi ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ nìyí, tó sì jókòó síbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

"Hẹn."

"Mi ò gbọ́," ni Bùràímọ̀ wí.

"Hẹn, Bàbá. Àlàbí ni mo fẹ́."

Bùràímọ̀ fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Mo gbọ́."

Wàhábì dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Àwa náà gbọ́. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ wúwo tó báyìí, bó bá sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó ń yí i padà." Ó wo àbúrò rẹ̀. "Dìde, ìwọ agbọ́ròyìn. Ká lọ jẹun."

Kó tó ṣẹ́jú mélòó kan, Bùràímọ̀ àti Adéníjì ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ṣé ààfáà ni yóò so àwọn ọmọ náà pọ̀ ni, àbí àlùfáà ìjọ? Ohùn wọn ń ròkè. Àìná dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó di igi àgbọn mú. Ìyá Àwẹ̀ró tẹ̀lé e jáde.

"Àìná, kí ló mú ọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀mí mi ti fẹ́ bọ́."

Àìná fọwọ́ di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó ń mí bí ẹni tó wẹ odò kọjá.

"Ìyá, hẹn yẹn ni mò ń wá. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá àpótí yẹn ti jẹ ẹ́ tán."